VLOOKUP tàbí XLOOKUP?
Fọ́múlà ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe nínú Excel: wọ́n ń bá wa wá nǹkan nínú tábìlì. Àmọ́ VLOOKUP kì í wo ẹ̀yìn. Òpó (column) àkọ́kọ́ lápá òsì nìkan ló ti ń wá nǹkan. Nọ́ńbà òpó tí èsì wà la sì ń kọ fún un, torí náà bí ẹnìkan bá ki òpó tuntun sáàárín, èsì lè dàrú. Èyí tó tiẹ̀ burú jù: bí ẹ bá gbàgbé láti kọ FALSE (ìyẹn ni pé ohun tó bá a mu gẹ́lẹ́ nìkan lẹ fẹ́) síparí fọ́múlà náà, ó lè gbé ohun tó kàn sún mọ́ ọn wá, kò sì ní sọ fún yín!

XLOOKUP ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Òun ni mo yàn, àfi pé kò sí nínú Excel 2016 àti 2019.