AI War 2: kọ̀ǹpútà tó na èmi àgbà nínú géèmù

Ọkun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn géèmù ogun ojú ọ̀run. Èyí tí mo ń gbá tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbé e sí ibi tó le jù, owó ọ̀fẹ́ lásán ló ń kó fún kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n ẹ̀ ò kúrò lójú kan, tó bá fi máa tó ọjọ́ mẹ́ta mo ti nà án. Ojúsàájú nìyẹn, kì í ṣe ìjà.

Àbúrò mi kan ní Kábà ló ní kí n wo AI War 2 tí Arcen Games gbé jáde ní 2019. Ha! Kó o tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kọ̀ǹpútà ti gba gbogbo ọ̀run, kò tiẹ̀ kà ẹ́ séèyàn. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní AIP, pílánẹ́ẹ̀tì tó o bá gbà ló ń gbé e sókè, bó ṣe ń ga ni kọ̀ǹpútà ń dojú kọ ẹ́ sí i. Èmi wá ń kó pílánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ṣa kajú lóko Ìsánlú, mo gba mẹ́fà léra, ojú kòkòrò!

Ìpele bó ṣe le tó, 1 dé 10 ló wà, mo fi ìgbéraga mú 7. Ọkọ̀ ogun wọlé rẹpẹtẹ, ilé mi ń jó lójú mi báyìí, ni jẹnẹrétọ̀ bá kú. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kún ojú géèmù yìí pọ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ sí 5, ẹ má sọ fún àbúrò mi.