Mo Háyà Kẹ̀kẹ́ Gravel ní Camargue: Táyà, Lékèélékèé àti Afẹ́fẹ́ Mistral

Ọmọ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni mí. Abẹ́ igi ọdán kan ní Òṣogbo ni bàbá mi máa ń jókòó sí, tó ń lẹ táyà fún àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ń ṣe jẹun ní London láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Tí mo bá háyà kẹ̀kẹ́ níbikíbi, táyà ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń háyà kẹ̀kẹ́ ní Saintes-Maries-de-la-Mer, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, àti nípa ọ̀nà tí a gbà.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lyon la jọ lọ, nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo ti kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú pé kẹ̀kẹ́ gravel la fẹ́, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, bíi ti àwọn tó ń sáré ìje, àmọ́ tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó láti rin orí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, méjèèjì ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ti gbé ìjókòó wọn sókè dé ibi tí mo ní kí wọ́n gbé e dé. Inú mi dùn sí ìyẹn. Táyà 40 mílímítà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, òun ló yẹ ọ̀nà yẹn gan-an. Ṣéènì mọ́, epo tó wà lára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bíréèkì ẹ̀yìn ti àbúrò mi ń han gooro. Mo sọ fún ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn, kò bá mi jiyàn, ó wọlé lọ gbé òmíràn jáde. Yúrò 38 la san lórí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú akoto, àgádágodo àti pọ́ǹpù kékeré kan.

Kò sí tíúbù ìpààrọ̀ níbẹ̀, kò sí irin tí a fi ń tú táyà. Mo béèrè, ó ní àwọn èèyàn kì í sábà nílò rẹ̀. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n sì ti fún táyà ní afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó le koko bí igi. Orí ọ̀dà nìkan nìyẹn dára fún. Kí a tó kúrò nílùú, mo ti tú u dànù díẹ̀, nítorí gbágungbàgun ni ọ̀nà tó wà níwájú wa.

Digue à la Mer ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ògiri ilẹ̀ gígùn ni, tí wọ́n mọ ní 1859 kí omi òkun má baà ya wọ inú Camargue. Nítòsí ìlú Arles ni odò Rhône ti pín sí méjì, ọ̀kan yà sí ìlà oòrùn, èkejì yà sí ìwọ̀ oòrùn, ohun tó wà láàárín wọn títí dé òkun ni Camargue: ọ̀sà, àbàtà, ilẹ̀ oníyọ̀, àti oko ìrẹsì. (Ìrẹsì pupa wọn la jẹ lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ.) Láti 1927 ni wọ́n ti ya nǹkan bíi hẹ́kítà 13,000 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹyẹ, ẹranko àti ewéko. Mọ́tò ò gbọdọ̀ gba orí ògiri náà, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ni ín. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì.

Àwọn ẹyẹ flamingo dúró nínú ọ̀sà lọ́gọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, àwọ̀ wọn dà bí osùn tí omi ti là. Ohun tí wọ́n ń jẹ ló fún wọn ní àwọ̀ yẹn, àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ bí edé tó ń gbé inú omi iyọ̀. Àwọn ọmọ wọn kò tíì pọ́n, àwọ̀ eérú ni tiwọn. Wọ́n máa ń dorí kodò sínú omi, wọ́n á fi ẹnu sẹ́ ẹ bí ẹní ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni lékèélékèé. Lékèélékèé tiwa, kan náà! Àwọn màlúù dúdú Camargue ń jẹko, àwọn ẹyẹ funfun yìí ń tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ lé màlúù àwọn Fúlàní lójú ọ̀nà Ìkìrun. Àbúrò mi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mi èékánná sí wọn kí wọ́n fún un ní funfun, bí a ti máa ń ṣe lọ́mọdé. Ó ti pé ọmọ ogójì ọdún. Nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn nìkan, mi ò kábàámọ̀ owó tí mo ná.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé ilé ìmọ́lẹ̀ Gacholle, ilé gogoro tó ń tànmọ́lẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi, tó tó kìlómítà 13 sí ìlú, ẹ̀gún gún táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àbúrò mi. Bàbá mi kì í jáde láìní rọ́bà àti góòmù lápò, èmi náà kì í jáde láìní wọn. Mo fi ọwọ́ tú táyà, mo fọn afẹ́fẹ́ sí tíúbù, mo sọ̀kalẹ̀ lọ rì í bọ inú ọ̀sà láti wá ibi tó ti ń hó. Abọ́ omi la máa ń fi ṣe é nílé. Ọjọ́ yẹn, ọ̀sà odidi ni abọ́ mi. Ká ní ẹlòmíràn ló háyà kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni ì bá fi rìn padà nínú oòrùn, nítorí kò sí igi tó ní ibòji lọ́nà náà, kò sí omi mímu, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan. Ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ tún èyí ṣe.

Wọ́n sì tún fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ pamọ́ fún wa. Mistral máa ń ti àárín àríwá àti ìwọ̀ oòrùn wá, ó ń gba àfonífojì Rhône bọ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ìlà oòrùn, ẹ̀yìn yín ló máa ń ti tì yín, ẹ ó sì rò pé ẹsẹ̀ yín ló lágbára. Láàárín wákàtí kan la fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé ìmọ́lẹ̀, ká yọ ti táyà kúrò. Bíbọ̀ gbà wá ní wákàtí méjì àbọ̀. Jíà tó rọ̀ jù lọ ni mo fi ń tẹ̀, orí mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Àbúrò mi fara pamọ́ sẹ́yìn mi, ó ń pariwo pé, “Bọ̀dá mi, ẹ rọra, ẹ mu omi!” Lítà mẹ́ta la gbé dání, kò ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wo bí afẹ́fẹ́ ṣe máa rí lọ́jọ́ náà kó tó sanwó.

Nígbà tí a dá kẹ̀kẹ́ padà, wọ́n fẹ́ yọ yúrò 15 nínú owó ìdúró tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní iyọ̀ àti ẹrẹ̀ ti bà á jẹ́. Inú bí mi. Ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn júwe fún wa náà ni a gbà! Àbúrò mi ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́,” ó bá wọn sọ Faransé, ó fi ìwé àdéhùn hàn wọ́n pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n dá gbogbo owó padà, ọ̀gá wọn sì bẹ̀ wá. Mo bá wọn fi omi tútù fọ ṣéènì méjèèjì kí n tó lọ, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí irin pẹ́.

Ẹ mú òróró tó ń lé ẹ̀fọn dání. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ gun orí òkìtì yanrìn etíkun, wọn ò gbà á láyè, koríko tó di yanrìn yẹn mú kì í tètè hù padà tí táyà bá ti tẹ̀ ẹ́ pa.

Oṣù Karùn-ún la fẹ́ padà lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà ni àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, máa ń gbé ère Sara, ẹni mímọ́ aláwọ̀ dúdú wọn, láti abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà lọ sínú òkun, àbúrò mi sì ní òun gbọ́dọ̀ fojú òun rí i. Èrò máa ń pọ̀ lákòókò yẹn. Mo ti ní kí ṣọ́ọ̀bù náà fi kẹ̀kẹ́ méjì pamọ́ dè wá, mo sì ti kọ iye afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ nínú táyà ránṣẹ́ sí wọn.