Ẹ̀rọ ìtẹ lọ́ọ̀gì tí mo rà ní Alábà

Fún ọdún mẹ́fà gbáko, òòlù ni mo fi ń lu lọ́ọ̀gì, ìyẹn orí bàbà oníhò tí à ń fi bóòtù dè mọ́ bátìrì, mọ́ wáyà. Iṣẹ́ ínfátà àti sólà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, bí ọ̀gá mi sì ṣe kọ́ mi nìyẹn: ti wáyà bọ inú lọ́ọ̀gì, gbé e lé irin, lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, wé téèpù mọ́ ọn, ó parí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni ìyá kan tí mo ṣiṣẹ́ fún ní Bódìjà pè mí. "Ọmọ mi, ẹ̀yìn bátìrì yìí ń rùn bí ike jíjó o." Kí n tó débẹ̀, téèpù ti yọ́ mọ́ lọ́ọ̀gì, ara wáyà ti dúdú. Ojú tì mí. Ínfátà 3.5 kVA tó ń lo bátìrì 24 V lè fà ju 100 A lọ tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ojú ibi tí mo fi òòlù lù yẹn ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà kọjá.

Bí mo ṣe gba Alábà lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ lọ́ọ̀gì tí wọ́n ń pè ní YQK-70 ni mo rà. Bíi jáàkì ọkọ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́: epo ló wà nínú rẹ̀. Ẹnu onírin méjì-méjì bá a wá, láti orí 4 dé 70 mm². Ẹ ki èyí tó bá wáyà yín mu sí i, ẹ máa fún ọwọ́ rẹ̀ títí ẹnu méjèèjì á fi pàdé, kí ẹ wá tú kọ́ọ̀kì kékeré tó wà lára rẹ̀, á sì ṣí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, mo fi ayùn irin gé e sí méjì kí n lè rí inú rẹ̀. Àwọn fọ́nrán wáyà yẹn ti wọra wọn bí ìgbà tí wọ́n dà wọ́n pọ̀, mi ò rí àlàfo kankan. Mo wá gé ọ̀kan tí mo fi òòlù lù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ yọ sí mi níwájú!

Ó ní àléébù o. Nọ́ńbà ara àwọn ẹnu yẹn kò hàn dáadáa, péńtì funfun ni mo fi tún un kọ. Epo ti ń sun díẹ̀díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà, nítorí náà kò wúlò ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bátìrì. Ẹ tẹ lọ́ọ̀gì yín tán kí ẹ tó to nǹkan.

Lọ́ọ̀gì gan-an ló fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. SC35-8 ni mo lọ rà: wáyà 35 mm², ihò bóòtù 8 mm. "Ọ̀gá, bàbà gidi ni," ni ẹni tó tà á wí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀, funfun ni dé ìsàlẹ̀, kò sí pupa kankan. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n tà fún mi. Látìgbà náà, ọ̀bẹ kì í kúrò lápò mi tí mo bá ń lọ sọ́jà. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí n ha ọ̀kan wò, mi ò ní rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo wáyà náà dáadáa, torí wáyà tí wọ́n kọ 35 sí lára tí kò tó 35 pọ̀ nígboro. Á máa mì nínú lọ́ọ̀gì bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó.

Tó bá jẹ́ wáyà inú ilé nìkan lẹ ń fà, ẹ má wulẹ̀ ra jáàkì yìí. Àwọn lọ́ọ̀gì kéékèèké onírọ́bà, pupa fún 0.5 sí 1.5 mm², búlúù fún 1.5 sí 2.5, yẹ́lò fún 4 sí 6, pílíásì eléyín tí kì í ṣí àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ dópin ló yẹ wọ́n. MC4, ìyẹn orí tí a fi ń so wáyà pánẹ́ẹ̀lì sólà pọ̀, náà ní pílíásì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ṣì ń wá èyí tó dáa nínú ìyẹn. Àkọ́kọ́ tí mo rà ti wọ́ lẹ́nu.