Rídà káàdì: oníhò ni kí ẹ rà, àbí èyí tí a ń fi káàdì kàn?

Ẹni tó bá wá bá mi ní Alágbàka ní Àkúrẹ́ torí rídà (ẹ̀rọ tó ń ka káàdì sínú kọ̀ǹpútà), "Èló ni?" ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èmi náà á bi í: ṣé ètò orí kọ̀ǹpútà yín fẹ́ mọ̀ bóyá káàdì ṣì wà níbẹ̀, àbí nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló ń wá?

Rídà olówó pọ́ọ́kú kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Mo rà á fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nítòsí Ọjà Ọba; ẹni tó tà á búra pé kò sí káàdì tí kò lè kà. Àṣé irú tó ń lo ìgbì rédíò 125 kHz lásán ni, kọ̀ǹpútà sì gbà pé kíbọ́ọ̀dù ni. Mo pe SCardListReaders, àṣẹ inú kóòdù tó ń to orúkọ àwọn rídà, n kò rí orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan akọ̀wé ń tẹ lẹ́tà lọ́wọ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan fi káàdì kàn án, nọ́ńbà mẹ́wàá já wọ àárín "Ẹ̀yin ènìyàn wa". Ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí.

Oníhò, irú ACR39U, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ sọ ipò tí ẹ mọ̀ pé káàdì wà fún àṣẹ SCardGetStatusChange, á dúró títí ipò náà á fi yí padà, tàbí tí àkókò tí ẹ fún un á fi pé. SCardStatus ní tirẹ̀ kì í dáhùn àfi tí ẹ bá ti fi SCardConnect so mọ́ káàdì; á wá sọ ipò rẹ̀, bóyá ìlànà T=0 ló fi ń bá rídà sọ̀rọ̀ tàbí T=1, àti ATR rẹ̀ (ìdáhùn àkọ́kọ́ tí káàdì ń fún rídà). Bí màmá kan bá dojú ṣíìpù kọ ibi tí kò yẹ, ẹ ó rí PRESENT pẹ̀lú MUTE: káàdì wà nínú ihò, ó kàn yadi ni. Ìyẹn wúlò gan-an, torí ẹ lè ní kí ètò sọ fún wọn pé kí wọ́n yí i padà. Eruku ọyẹ́ nìkan ni ọ̀tá rẹ̀.

Èyí tí a ń fi káàdì kàn, irú ACR122U (13.56 MHz), yá níbi tí ìlà bá gùn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, PRESENT á di EMPTY (kò sí káàdì), á tún padà di PRESENT; ẹ jẹ́ kí ètò ní sùúrù díẹ̀ kó tó gbà pé káàdì ti lọ. ATR tó ń gbé wá, rídà ló tò ó jọ, kì í ṣe ti káàdì gan-an.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má kọ nọ́ńbà ipò káàdì sínú kóòdù. Nínú ìdáhùn SCardStatus, 2 lórí Windows ni pé káàdì wà. 2 yẹn kan náà lọ́dọ̀ pcsc-lite, ètò tó ń bá rídà sọ̀rọ̀ lórí Linux, kò sí káàdì ni. Orúkọ ni kí ẹ lò: SCARD_PRESENT, SCARD_ABSENT.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé kọ̀ǹpútà oní-Linux yín lọ sí ìsọ̀, ẹ tẹ pcsc_scan (ètò tó ń fi hàn bí káàdì ṣe ń wọlé tó ń jáde), ẹ fi káàdì sí i, ẹ yọ ọ́. Bí ojú kọ̀ǹpútà kò bá sọ nǹkan kan, ẹ dá rídà náà padà fún wọn.