Búlọ́ọ̀kù Yẹ̀pẹ̀ Pupa Tí Mo Fi Kọ́ Yàrá Méjì
Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti inú yẹ̀pẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì díẹ̀, láìsun ún níná, ni mo fi kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé wa ní Abẹ́òkúta. Etí ọ̀kan a máa wọ inú ihò èkejì, nítorí náà ni sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà lò láàárín wọn kò fi tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ayé gbóná, tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde lágbàáyé ló ń wá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì.

Lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí irin ojú fèrèsé kò ṣeé fọwọ́ kàn, ara ògiri inú ṣì tutù bí ìkòkò àmù. Ìyá mi, tí ooru kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, ti kó ẹní wọn lọ síbẹ̀. Mi ò kun ògiri náà rárá, ìyẹn ni kò fi sí òórùn ọ̀dà tí ń ta mí nímú.

Òjò ni ọ̀tá búlọ́ọ̀kù yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á fún mi kò ní sùúrù kí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ mú dáadáa, etí àwọn kan sì ń rún lọ́wọ́ mi bí bisikíìtì. Mo dá wọn padà. Kí olùrà rí i pé wọ́n ti bò ó, tí wọ́n sì ń bu omi wọ́n ọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kí ó tó sanwó.