Snowmobile kejì: 600R E-TEC tàbí 600 ACE?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní snowmobile (ọkọ̀ bíi alùpùpù tó ń sáré lórí yìnyín) kan ní Minnesota, ìpínlẹ̀ olótùútù kan ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ ń wá èkejì fún ìyàwó tàbí àlejò, ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ́ńjìnnì méjì tí iléeṣẹ́ Ski-Doo máa ń fi sínú snowmobile wọn ni 600R E-TEC àti 600 ACE. Èyí tó ní 600R E-TEC ní agbára ẹṣin (horsepower) 125. Ó fúyẹ́, eré rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a mọ̀ nílé.

Agbára 600 ACE kò ju bí 60 lọ. Ariwo rẹ̀ kéré, èéfín rẹ̀ kì í rùn, epo rẹ̀ sì ń pẹ́. Àtàǹpàkò la fi ń fún un lépo; bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ bá ṣì í tẹ̀ ẹ́, kò ní tètè já lọ sínú igbó bíi ti 600R, torí agbára rẹ̀ kéré. Òun ni èmi yóò rà. Ọ̀nà snowmobile tó ju 22,000 máìlì ló wà ní Minnesota, ìrìn jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ló sì yẹ ẹ́. Ẹ ṣáà rí i pé ọwọ́ ìdarí rẹ̀ ń gbóná dáadáa, torí òtútù January kì í ṣeré.