Ọ̀rá dúdú, garawa, ike onílà àbí àpò aṣọ: èwo lẹ ó rà fún ọmọ igi yín?

Igi máńgòrò kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Inú garawa ọ̀dà ni mo gbìn ín sí, ọdún méjì gbáko ló sì lò níbẹ̀. Ewé ń dán, ó ti ga dé èjìká mi kí n tó gbé e lọ sóko. Kò pé ọdún kan lóko tí òjò oníjì kan dà á wó. Ọwọ́ kan ni mo fi fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ká jọ bí òṣùká, ìrísí ìdí garawa ṣì wà lára rẹ̀.

Gbòǹgbò tó bá kan ara ike tó dán, tó rí roboto, kò ríbi gbà, á wá máa yí po. Tó bá ti le sórí yíyí yẹn, ilẹ̀ oko kò lè tún un nà mọ́. Bó ṣe ń sanra ló ń fún ìdí igi. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín: tí ṣóńṣó gbòǹgbò bá dé ògiri, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?

Nínú ọ̀rá dúdú, á yí po bákan náà, àmọ́ ó dọwọ́ bó ṣe pẹ́ sí. Kòkó kì í lò ju oṣù 4 sí 6 lọ nínú rẹ̀, ìjà ò sí níbẹ̀. Owó rẹ̀ pọ́ọ́kú, ìdí nìyẹn tí àwọn onínọ́sìrì fi ń lò ó káàkiri. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí oníbàárà ò ti wá, tí wọ́n wá tọ́jú ọjà de òjò ọdún tó ń bọ̀. Gbòǹgbò á ti gún ìdí ọ̀rá wọlẹ̀, ẹ gbé e, ó já pàù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù pẹ̀lú ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2, ìbú ìka kan nìyẹn, kẹ́ ẹ tó la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ kò ní olórí gbòǹgbò tó ń gún ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló ti ń yọ tuntun jáde, ọ̀rá ńlá tó o.

Garawa? Fún òdòdó ẹnu ọ̀nà, ó dáa. Fún igi, mi ò ní rà á mọ́.

Ike onílà ní ìlà tó yọ jáde nínú, látòkè délẹ̀. Gbòǹgbò tó bá kọlu ìlà yẹn á yí sísàlẹ̀, á dé ojú ihò ìdí ike, afẹ́fẹ́ á gbẹ ṣóńṣó rẹ̀, ẹ̀ka tuntun á sì yọ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orí pẹpẹ olásẹ́ wáyà ló gbọ́dọ̀ wà, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ti sọ owó nù, nítorí gbòǹgbò á wọlẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ ṣírò owó pẹpẹ mọ́ ọn. Iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ kéré, ó ń tètè gbẹ, igi kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lè fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tún un lò lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì dára fún ẹni tó ń gbin tíìkì tàbí gìmẹ́línà lọ́pọ̀.

Àpò aṣọ nípọn bí aṣọ òtútù. Gbòǹgbò á rá wọnú rẹ̀, á há síbẹ̀, kò ní lè yí. Òun ni mo fi ń gbin máńgòrò, píà àti ọsàn tó máa lo ju ọdún kan lọ. Aájò rẹ̀ ni omi: nígbà ọyẹ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ igi, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e, ẹ má fà á.

Wọ́n tún ń ta ike tí wọ́n fi ọ̀dà tó ní bàbà kun inú rẹ̀, tí bàbà yẹn ń dá ṣóńṣó gbòǹgbò dúró. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fún igi mélòó kan nílé, àpò aṣọ ti tó. Kajú ní tirẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan. Kóró rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn sójú oko, torí kò fẹ́ kí ọwọ́ kan gbòǹgbò òun.

Tó bá jẹ́ igi tó ti hù lẹ ń rà, ẹ gbé ọ̀rá sókè kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò. Owó ẹyọ yẹn, èmi máa ń san án.